Ta ló so sódíọ̀mù mọ́ kílórínì? Ẹ gbà wá nímọ̀ràn lórí ìdè áyọ́ọ̀nù

Olùkọ́ Ìrọ̀lẹ́ (olùbéèrè)

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará. Ìbàdàn ni mo wà, mo sì máa ń kọ́ àwọn ọmọ SS1 mẹ́rìnlá ní kẹ́mísìrì ní ìrọ̀lẹ́, lẹ́yìn tí wọ́n bá ti ilé-ìwé dé. Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, a dé orí bí mẹ́tàlì àti aláìjẹ́-mẹ́tàlì ṣe ń dì mọ́ ara wọn. Mo ya àwòrán tí gbogbo wa mọ̀ sójú pátákó: róbótó kan fún sódíọ̀mù, róbótó kan fún kílórínì, àti ọfà kan láàárín wọn tó ń gbé ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù kan (èérún oníná nẹ́gétíìfù tó ń yí átọ̀mù ká) láti ọ̀dọ̀ ti àkọ́kọ́ lọ sọ́dọ̀ èkejì. Mo ní sódíọ̀mù ta kílórínì lọ́rẹ, bẹ́ẹ̀ ni ìdè ṣe dé sáàárín wọn.

Ọmọbìnrin kan tí kì í sábà sọ̀rọ̀ nawọ́ sókè. Ó ní: "Ẹ jọ̀ọ́ mà, bí mo bá fún ẹni tó jókòó tì mí ní bírò mi, tó sì gbà á, ṣé ìyẹn ti so wá pọ̀ nìyẹn? Ṣebí ó lè gbé bírò náà lọ sílé wọn kí èmi náà sì máa lọ sílé wa." Mo dákẹ́. Mo sọ fún un pé n óò dá a lóhùn ní ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, nítorí n kò fẹ́ fi irọ́ bo àìmọ̀ mi mọ́lẹ̀ níwájú ọmọ tó ronú tó bẹ́ẹ̀.

Ohun tí mo ń béèrè lọ́wọ́ yín ni pé: kí ni ó so wọ́n pọ̀ gan-an? Kí ló dé tí sódíọ̀mù fi ń yọ̀ǹda ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù rẹ̀? A kò ní láàbù, nítorí náà, ohun tí ọwọ́ lè tó nínú ilé ìdáná tàbí lọ́jà ni kí ẹ bá mi wá. Mo dúpẹ́ púpọ̀.

Akẹ́kọ̀ọ́ Yunifásítì

Ẹ kú iṣẹ́ mà. Ohun tí wọ́n kọ́ wa ni pé ìpele ìta átọ̀mù ni kí á wò. Ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù mọ́kànlá ni sódíọ̀mù ní, wọ́n sì tò báyìí: 2, 8, 1. Mẹ́tàdínlógún ni ti kílórínì: 2, 8, 7. Bí sódíọ̀mù bá yọ̀ǹda ẹyọ kan tó wà níta yẹn, ìpele tó pé mẹ́jọ ló kù sí i níta, ìyẹn 2, 8. Bí kílórínì bá gba ẹyọ kan, òun náà pé mẹ́jọ: 2, 8, 8. Ìdí nìyẹn tí àwọn mẹ́tàlì tó wà lápá òsì àtẹ ẹ́límẹ́ǹtì fi máa ń sọ ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù nù, tí àwọn aláìjẹ́-mẹ́tàlì tó wà lápá ọ̀tún sì máa ń gbà á. Gbogbo átọ̀mù ló fẹ́ pé mẹ́jọ. Èyí ni ìdáhùn tí wọ́n ń retí nínú ìdánwò WAEC.

Bàbá Láàbù

Ẹ kú iṣẹ́, olùkọ́ wa. Ẹ bá mi kí ọmọ náà dáadáa, nítorí ibi tó ti dúró béèrè yẹn, ọ̀pọ̀ àgbàlagbà ló ti kọjá níbẹ̀ láì bojú wẹ̀yìn. Mo kọ́ni ní kẹ́mísìrì fún ọdún méjìlélọ́gbọ̀n kí n tó fẹ̀yìn tì, èmi náà sì sọ ọ̀rọ̀ "ìtọrẹ" yẹn fún àwọn ọmọ fún ìgbà pípẹ́ kí n tó jáwọ́ nínú rẹ̀.

Àbúrò mi tó sọ̀rọ̀ ṣáájú kò ṣìnà nípa iye ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù, àwọn òǹkà yẹn sì pọn dandan kí ọmọ mọ̀ wọ́n lórí. Ṣùgbọ́n gbólóhùn tó ní "átọ̀mù fẹ́ pé mẹ́jọ" ni ó ń dí wa lójú. Átọ̀mù kò ní ọkàn tí yóò fi fẹ́ nǹkan. Bí a bá sì wo ọ̀rọ̀ náà dáadáa, a óò rí i pé sódíọ̀mù kò yọ̀ǹda ohunkóhun: ńṣe ni wọ́n já ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù náà gbà lọ́wọ́ rẹ̀, agbára tí ó sì ń ná ni kò kéré.

Ẹ jẹ́ ká ṣe ìṣirò rẹ̀ bí ọlọ́jà ṣe ń ṣírò owó tó jáde àti owó tó wọlé. Gbogbo iye tí n óò dárúkọ jẹ́ kílójúùlù (òṣùwọ̀n agbára) fún mọ́òlù iyọ̀ kan, ìyẹn nǹkan bí gíráàmù 58.5, ẹ̀kúnwọ́ iyọ̀ kan lásán. Àkọ́kọ́, sódíọ̀mù tó le gbọ́dọ̀ túká di átọ̀mù kọ̀ọ̀kan nínú afẹ́fẹ́: 107 ló ná wa. Kílórínì pẹ̀lú, méjì méjì ló máa ń so mọ́ra, a sì ní láti já wọn: 122 ló lọ síbẹ̀. Lẹ́yìn náà ni a ó fa ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù kan jáde lára átọ̀mù sódíọ̀mù kọ̀ọ̀kan: 496. Ohun tó jáde lápò wa di 725. Nígbà tí kílórínì gba ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù náà wọlé, ó dá 349 padà fún wa. Gbèsè 376 ṣì wà lọ́rùn wa.

Ẹ dúró síbí yìí pẹ̀lú àwọn ọmọ náà, kí ẹ má ṣe yára kọjá. Ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù ti kúrò lọ́dọ̀ ẹni àkọ́kọ́, ó ti dé ọ̀dọ̀ ẹnì kejì, àwọn méjèèjì ti "pé mẹ́jọ", síbẹ̀ gbèsè ni a wà. Bí ọ̀rọ̀ bá parí síbẹ̀, kò ní sí iyọ̀ kankan láyé. Pípé mẹ́jọ nìkan kò lè san gbèsè yẹn.

Ohun tó san án ni èyí. Sódíọ̀mù tó sọ ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù kan nù ṣì ní pírótọ́ọ̀nù (èérún oníná pọ́sítíìfù) mọ́kànlá ní kókó rẹ̀, ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù mẹ́wàá péré ló kù tó yí i ká, nítorí náà ó di oníná pọ́sítíìfù. Kílórínì tó gba ẹyọ kan ní pírótọ́ọ̀nù mẹ́tàdínlógún àti ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù méjìdínlógún, ó di oníná nẹ́gétíìfù. Orúkọ tí à ń pe irú átọ̀mù tó ti di oníná bẹ́ẹ̀ ni áyọ́ọ̀nù. Pọ́sítíìfù àti nẹ́gétíìfù sì ń fa ara wọn. Bí àwọn áyọ́ọ̀nù wọ̀nyí ṣe ń rọ́ wá láti ibi tí wọ́n tú ká sí, tí wọ́n ń tò ti ara wọn títí wọ́n fi di iyọ̀ tó le, 787 ni agbára tó jáde. Ẹ yọ gbèsè 376 kúrò nínú rẹ̀, èrè 411 ló kù. Èrè yẹn ni iná àti ooru tó máa ń bú jáde bí sódíọ̀mù bá jó nínú kílórínì.

Nítorí náà, ẹ sọ fún ọmọ náà pé òótọ́ ló sọ. Gbígba bírò kò so ènìyàn méjì pọ̀. Ṣùgbọ́n ká ní ẹni tó fún ni ní bírò di pọ́sítíìfù lójú ẹsẹ̀, tí ẹni tó gbà á sì di nẹ́gétíìfù, wọn kò ní lè lọ sílé ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ mọ́. Ohun tí ìfúnni náà sọ wọ́n dà ló so wọ́n. Ìfà tó wà láàárín iná méjèèjì, òun gan-an ni ìdè áyọ́ọ̀nù.

Fún ìwé àkọsílẹ̀ yín: Walther Kossel, ará Jámánì, ló gbé àlàyé nípa ìdè áyọ́ọ̀nù kalẹ̀ ní ọdún 1916. Max Born àti Fritz Haber ló sì fi irú ìṣirò gbèsè àti èrè tí mo ṣe yìí lélẹ̀ ní ọdún 1919.

Olùkọ́ Ìrọ̀lẹ́ (olùbéèrè)

Bàbá, mo dọ̀bálẹ̀ ọkàn mi fún yín. Mo ka èyí lẹ́ẹ̀mẹta. Mo fi ìṣirò náà han ọkọ mi tó ń tajà ní Dùgbẹ̀, kò mọ kẹ́mísìrì rárá, ó sì ní òun lóye rẹ̀ kíákíá.

Ohun kan ṣì kù. Bí ó bá jẹ́ pé ìfà ló so wọ́n, ṣé sódíọ̀mù kọ̀ọ̀kan ní kílórínì tirẹ̀ tó jẹ́ pé òun nìkan ló dì mọ́? Méjì méjì ni mo yà wọ́n sójú pátákó, bí tọkọtaya.

Onímọ̀ Òkúta

Ẹ kú ìbéèrè yìí mà. Iṣẹ́ mi ni wíwo òkúta àti ohun inú ilẹ̀, mo sì bẹ̀ yín kí ẹ pa àwòrán tọkọtaya yẹn rẹ́ ní kíákíá.

Iná pọ́sítíìfù kò ní ojú kan tó kọ sí. Gbogbo ìhà ló ti ń fa nẹ́gétíìfù: lókè, nísàlẹ̀, lọ́tùn-ún, lósì, níwájú, lẹ́yìn. Nítorí náà, nínú iyọ̀, áyọ́ọ̀nù sódíọ̀mù kọ̀ọ̀kan wà láàárín áyọ́ọ̀nù kílórínì mẹ́fà, áyọ́ọ̀nù kílórínì kọ̀ọ̀kan sì wà láàárín áyọ́ọ̀nù sódíọ̀mù mẹ́fà, àwọn mẹ́fẹ̀ẹ̀fà sì jìnnà sí èyí tó wà láàárín wọn bákan náà. Kò sí ẹni tó lè tọ́ka sí ọ̀kan nínú mẹ́fẹ̀ẹ̀fà pé èyí ni ó gba ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù lọ́wọ́ òun. NaCl tí a ń kọ kì í ṣe orúkọ ẹ̀dá kékeré kan tó dá wà. Ohun tó ń sọ ni pé bí iye ti àkọ́kọ́ bá ṣe pọ̀ tó ni iye ti èkejì náà ṣe pọ̀ tó. William Lawrence Bragg ló fi ìtànṣán X rí i bẹ́ẹ̀ ní ọdún 1913, ó sì nira fún àwọn onímọ̀ kẹ́mísìrì kan nígbà náà láti gbà pé kò sí ìkangun (àwọn átọ̀mù díẹ̀ tó so pọ̀ tó sì dá wà, molecule lédè Gẹ̀ẹ́sì) NaCl kan ṣoṣo nínú iyọ̀.

Ẹ jẹ́ kí àwọn ọmọ fi ojú ara wọn rí i. Ẹ wá aṣọ dúdú tàbí ẹ̀yìn àwo dúdú, kí ẹ wọ́n iyọ̀ díẹ̀ sí i, kí ẹ jẹ́ kó fọ́n ká débi tí hóró kọ̀ọ̀kan yóò fi dá wà. Ẹ tan tọ́ọ̀ṣì láti ẹ̀gbẹ́, kí ẹ fi kámẹ́rà fóònù sún mọ́ ọn títí àwòrán yóò fi mọ́lẹ̀ dáadáa. Àwọn hóró náà yóò máa kọ mànà bí ẹ bá yí iná padà, ẹ óò sì rí i pé ojú wọn pẹrẹsẹ, igun wọn gún régé, wọ́n dà bí àpótí kéékèèké. Lára èyí tí wọ́n ti lọ̀ púpọ̀, àwọn igun kan yóò ti kán, ṣùgbọ́n ẹ óò rí mẹ́ta mẹ́rin tó ṣì pé. Ẹnikẹ́ni kò gbẹ́ wọn bẹ́ẹ̀. Bí àwọn áyọ́ọ̀nù ṣe tò nínú ni ó hàn síta yẹn. Hóró kan tí ìhà rẹ̀ jẹ́ ìdá mẹ́ta nínú mẹ́wàá mìlímítà ní áyọ́ọ̀nù sódíọ̀mù tó tó 600,000,000,000,000,000 nínú, àti iye kan náà ti kílórínì.

Bí ẹ bá sì rí iyọ̀ tó ṣù bí òkúta lọ́jà, ẹ fi ọ̀bẹ lé e lójú tó tẹ́jú, kí ẹ fi òòlù kàn án díẹ̀. Kì í tẹ̀, kì í sì í rún bí ewé gbígbẹ. Ńṣe ni yóò là, ojú ibi tó là yóò sì tún tẹ́ pẹrẹsẹ. Ìdí rẹ̀ ni pé bí ìlà áyọ́ọ̀nù kan bá sún kúrò ní ipò rẹ̀ ní ìwọ̀n áyọ́ọ̀nù kan ṣoṣo, pọ́sítíìfù yóò kọjú sí pọ́sítíìfù, nẹ́gétíìfù yóò kọjú sí nẹ́gétíìfù, wọn yóò sì lé ara wọn dànù. Kí àwọn ọmọ di ojú wọn nígbà tí ẹ bá ń kan òòlù.

Ọmọ Ìyá Ẹlẹ́pà

Ẹ kú ìjíròrò o. Èmi kì í ṣe olùkọ́, ṣùgbọ́n mo ka ìwé kẹ́mísìrì dé SS3, mo sì rántí nǹkan kan tí ẹ lè lò. Ẹ̀pà ni màmá mi ń yan tà, iyọ̀ ni wọ́n sì máa ń dà sínú agbada dípò iyanrìn. Iyọ̀ kan náà ni wọ́n ń lò fún ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀. Yóò gbóná débi pé bí hóró kan bá ta sí ni lọ́wọ́, ojú ibẹ̀ á bó, yóò tún dúdú díẹ̀ nítorí èépá ẹ̀pà, ṣùgbọ́n n kò rí i kó yọ́ rí. Ní ọjọ́ kan, àbúrò mi ṣèèṣì da ṣúgà sínú agbada tó ti gbóná. Kí a tó wá ṣíbí, ó ti yọ́, ó ti pọ́n, ó ti di dúdú, èéfín sì gba gbogbo ilé. Funfun ni méjèèjì, hóró wẹ́wẹ́ ni méjèèjì, omi ń yọ́ méjèèjì. Kí ló fa ìyàtọ̀ tó pọ̀ tó yẹn?

Bàbá Láàbù

Ọmọ mi, o ṣeun. Ẹ̀kọ́ ńlá ni o mú wá yìí, ó sì dára ju ohun tí mo ní lọ́kàn lọ.

Iyọ̀ kò ní yọ́ àfi tí ooru bá dé 801 °C, nítorí pé kí ó tó yọ́, áyọ́ọ̀nù kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ bọ́ lọ́wọ́ àwọn mẹ́fà tó dì í mú láti gbogbo ìhà. Agbada ẹlẹ́pà kò sún mọ́ ìwọ̀n ooru yẹn rárá. Ti ṣúgà yàtọ̀. Kábọ́ọ̀nù, háídírójìn àti ọ́síjìn ni gbogbo èròjà rẹ̀, aláìjẹ́-mẹ́tàlì ni gbogbo wọn, wọn kò sì fún ara wọn ní ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù. Ńṣe ni wọ́n jọ ń lò ó pọ̀, ohun tí à ń pè ní ìdè àjọpín. Àwọn ìkangun ṣúgà dá dúró lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, ìfà tó wà láàárín ìkangun kan àti èkejì kò le, nítorí náà ooru tó lé díẹ̀ ní 180 °C ti tó láti tú wọn ká, ó sì tún ń bà wọ́n jẹ́. Olùkọ́ wa lè ṣe èyí níwájú àwọn ọmọ pẹ̀lú ṣíbí irin méjì àti àbẹ́là, kí ṣúgà má ju hóró mélòó kan lọ, kí ẹ sì fi aṣọ tó nípọn di ọrùn ṣíbí mú. Ṣúgà tó yọ́ máa ń lẹ̀ mọ́ ara tó bá ta sí, nítorí náà kí olùkọ́ fúnra rẹ̀ ṣe é.

Akẹ́kọ̀ọ́ Yunifásítì

Bàbá, ẹ ṣeun fún àtúnṣe. Ṣùgbọ́n mo ní ìbéèrè kan tó ń dà mí láàmú. Bí kì í bá ṣe pé átọ̀mù fẹ́ pé mẹ́jọ, kí ló dé tí mágínísíọ̀mù fi ń sọ méjì nù, tí kì í sọ mẹ́ta nù? Kí ló dé tí sódíọ̀mù kì í fi sọ méjì nù kí ìfà náà lè le sí i?

Bàbá Láàbù

Ìbéèrè tó mọ́gbọ́n dání gan-an ni, ìṣirò kan náà ló sì dáhùn rẹ̀. Lára mágínísíọ̀mù, ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù àkọ́kọ́ ń ná wa ní 738, èkejì ń ná wa ní 1,451. Méjèèjì yìí wà ní ìpele ìta, ó jìnnà sí kókó díẹ̀, àwọn ti inú sì ń bò ó lójú. Bí a bá fẹ́ fa ẹ̀kẹta, inú ìpele tó sún mọ́ kókó ni a ti ń fà á, iye rẹ̀ sì fò sí 7,733. Ti sódíọ̀mù náà rí bẹ́ẹ̀: 496 ni àkọ́kọ́, 4,562 ni èkejì. Kò sí èrè ìfà kan tó lè san irú gbèsè yẹn padà. Nítorí náà, "mẹ́jọ" jẹ́ ibi tí owó ọjà ti gbówó lórí jù. Kì í ṣe ohun tí átọ̀mù ń lépa.

Ẹ jẹ́ kí n fi ọ́síjìn dì í, nítorí ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ náà ti hàn jù lọ. Nígbà tí mágínísíọ̀mù bá jó pẹ̀lú iná funfun tó ń mú ojú fọ́, ọ́síjìn ń gba ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù méjì. Nígbà tó gba àkọ́kọ́, ó dá 141 padà. Ṣùgbọ́n ọ́síjìn tó ti di nẹ́gétíìfù ń lé ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù kejì dànù, nítorí nẹ́gétíìfù ni òun náà. Kí a tó lè tì í wọlé, a ó ná ohun tó lé ní 700. Ẹ ò rí i pé ọ́síjìn kò "fẹ́" ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù kejì rárá. Síbẹ̀, ó ń gbà á, nítorí pé áyọ́ọ̀nù oní-pọ́sítíìfù méjì àti áyọ́ọ̀nù oní-nẹ́gétíìfù méjì ń fa ara wọn pẹ̀lú agbára tó tó 3,800, ó sì san gbogbo gbèsè tó wà nílẹ̀ pátápátá. Ìfà yẹn le débi pé òkìdì ohun funfun tó kù lẹ́yìn iná náà kò ní yọ́ àfi ní nǹkan bíi 2,850 °C. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń fi í ṣe bíríkì inú ààrò tí wọ́n ti ń yọ́ irin.

Ọ̀dọ́ Onímọ̀ Ẹ̀rọ

Mo fẹ́ fi kún un pé bí ẹ bá fẹ́ mọ̀ bóyá ìdè kan jẹ́ ti áyọ́ọ̀nù, ẹ wo òṣùwọ̀n ìfà ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù tí Linus Pauling ṣe ní ọdún 1932. Bí ìyàtọ̀ tó wà láàárín ẹ́límẹ́ǹtì méjì bá ju 1.7 lọ, áyọ́ọ̀nù ni. Bí kò bá tó bẹ́ẹ̀, àjọpín ni. Sódíọ̀mù jẹ́ 0.93, kílórínì jẹ́ 3.16, ìyàtọ̀ wọn jẹ́ 2.23. Ó ti tán.

Onímọ̀ Òkúta

Ẹ jọ̀ọ́, kò tíì tán. Òṣùwọ̀n yẹn wúlò, èmi náà ń lò ó, ṣùgbọ́n kí a má ṣe fi í ṣe òfin fún àwọn ọmọ. Ìyàtọ̀ háídírójìn àti fúlórínì jẹ́ 1.78, síbẹ̀ ìdè àjọpín ló so wọ́n, ohun tí wọ́n sì dì kì í le bí iyọ̀ rárá. Afẹ́fẹ́ ló máa ń dà bí ooru bá ti mú díẹ̀. Àlùmíníọ̀mù jẹ́ mẹ́tàlì, kílórínì kì í ṣe mẹ́tàlì, gbogbo ènìyàn ni yóò sọ pé ìdè áyọ́ọ̀nù ni. Ṣùgbọ́n ohun tí wọ́n dì ń fò di afẹ́fẹ́ ní nǹkan bíi 180 °C, nítorí pé áyọ́ọ̀nù àlùmíníọ̀mù kéré, iná pọ́sítíìfù mẹ́ta ló sì rọ́ sínú rẹ̀, ó ń fa ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù kílórínì sọ́dọ̀ ara rẹ̀ débi pé wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í lò ó pọ̀. Láàárín fífúnni pátápátá àti àjọpín, ojú ọ̀nà gígùn kan ló wà, ọ̀pọ̀ nǹkan sì wà lójú ọ̀nà yẹn.

Ẹ sì tún wo káún tí a ń fi sínú ẹ̀wà kó lè tètè rọ̀. Nínú àwọn mẹ́tàlì inú rẹ̀, sódíọ̀mù ló pọ̀ jù, ó wà gẹ́gẹ́ bí áyọ́ọ̀nù, ṣùgbọ́n ohun tó dojú kọ ọ́ kì í ṣe átọ̀mù kan ṣoṣo. Kábọ́ọ̀nù kan àti ọ́síjìn mẹ́ta ni, ìdè àjọpín ló so àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin pọ̀, wọ́n sì jọ ru iná nẹ́gétíìfù méjì. Inú hóró káún kan ṣoṣo ni ìdè méjèèjì ti pàdé. Àwọn ọmọ tó bá lóye èyí ní SS1 kò ní dààmú ní SS2.

Arẹdíò

Ẹ kú ọgbọ́n o. Ẹ̀rọ rédíò àti fóònù ni mò ń tún ṣe. Ohun tó wà lọ́wọ́ mi rèé fún olùkọ́ tí kò ní láàbù. Ẹ ra bátìrì kékeré mẹ́rin tí wọ́n máa ń fi sínú rìmóòtù, kí ẹ tò wọ́n tẹ̀lé ara wọn kó lè jẹ́ fóòtì 6. Ẹ wá gílóòbù LED pupa kékeré kan, wáyà mẹ́ta, àti pẹ́ńsù méjì tí ẹ gbẹ́ lórí àti nídìí. Ẹ so ẹsẹ̀ LED tó gùn mọ́ pọ́sítíìfù bátìrì, kí ẹ so èyí tó kúrú mọ́ ìdí pẹ́ńsù kan. Ìdí pẹ́ńsù kejì ni kí ẹ so mọ́ nẹ́gétíìfù bátìrì. Ẹ má ṣe jẹ́ kí orí pẹ́ńsù méjèèjì kan ara wọn, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ LED náà yóò jó.

Ẹ kọ́kọ́ ki orí pẹ́ńsù méjèèjì bọ inú iyọ̀ gbígbẹ: kò ní tàn. Lẹ́yìn náà, ẹ ki orí wọn bọ inú omi òjò tó mọ́ tàbí omi inú ọ̀rá: bóyá kó má tàn rárá, bóyá kó ṣẹ́jú fírífírí. Wàyí o, ẹ po iyọ̀ ṣíbí méjì sínú omi náà: yóò tàn. Ẹ fi ṣúgà ṣe é nínú omi mìíràn: kò ní tàn bí ti iyọ̀. Ìta gbangba ni kí ẹ ti ṣe é, kí ó má pẹ́ ju ìṣẹ́jú kan lọ, nítorí òórùn kílórínì díẹ̀ máa ń jáde lára pẹ́ńsù kan. Ẹ má sì ṣe fi iná NEPA dán an wò láéláé.

Bàbá Láàbù

Ẹ ṣeun, ọ̀gá wa. Àwọn áyọ́ọ̀nù wà nínú iyọ̀ gbígbẹ náà, ṣùgbọ́n wọ́n ti dì mọ́ ojú kan, kò sì sí èyí tó lè rìn láti gbé iná. Omi ló tú wọn sílẹ̀, nítorí ìkangun omi ní ẹ̀gbẹ́ tó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ pọ́sítíìfù àti ẹ̀gbẹ́ tó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ nẹ́gétíìfù. Àwọn ìkangun omi yóò yí áyọ́ọ̀nù kọ̀ọ̀kan ká, wọn yóò sì fà á kúrò láàárín àwọn aládùúgbò rẹ̀. Ní ọdún 1834 ni Michael Faraday mú orúkọ "ion" wọ inú ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì láti inú èdè Gíríìkì, ìtumọ̀ rẹ̀ sì ni "ohun tó ń lọ".

Olùkọ́ Ìrọ̀lẹ́ (olùbéèrè)

Ẹ̀yin ará, mo padà wá jábọ̀ fún yín. Lánàá, mo pa àwòrán tọkọtaya rẹ́. Mo kọ owó tó jáde àti owó tó wọlé sójú pátákó, nígbà tí a dé orí gbèsè 376, mo dúró bí Bàbá ṣe wí. Ọmọkùnrin kan ní, "Mà, ta ni yóò wá san án?" N kò ní kí ẹnikẹ́ni dáhùn fún ìgbà díẹ̀.

LED náà tàn. Wọ́n pariwo tó bẹ́ẹ̀ tí àwọn aládùúgbò fi yọjú lójú fèrèsé.

Lẹ́yìn náà, mo kó gbogbo wọn jáde sí àgbàlá. Mo fún méje ní bébà pupa, mo fún méje ní bébà àwọ̀ ewé, mo ní kí wọ́n tò kí ẹnikẹ́ni má ṣe dúró ti ẹni tí àwọ̀ rẹ̀ bá tirẹ̀ mu, níwájú, lẹ́yìn tàbí lẹ́gbẹ̀ẹ́. Ó gbà wọ́n ní àkókò díẹ̀, wọ́n ń ta ara wọn, wọ́n ń pààrọ̀ ipò, títí wọ́n fi tò sí ìlà méjì oníméje-méje. Mo ní kí ìlà kan gbé ẹsẹ̀ kan ṣoṣo sí apá ọ̀tún. Pupa bá kọjú sí pupa, ewé kọjú sí ewé, gbogbo wọn sì rí i lójú ara wọn ibi tí òòlù ti ń la iyọ̀.

Mo wá ní kí wọ́n tún un tò sí ìlà mẹ́ta: márùn-ún, mẹ́rin, márùn-ún. Ọmọbìnrin tó béèrè ọ̀rọ̀ bírò bọ́ sí ìlà àárín. Ó wo iwájú, ó wo ẹ̀yìn, ó wo ọ̀tún àti òsì, ó na ọwọ́ méjèèjì. Ó ní, "Mà, mẹ́rin ló yí mi ká nílẹ̀ yìí." Ó gbé ojú sókè, ó tún wo ilẹ̀ tó dúró lé. "Ó ku ẹnì kan lórí mi, ó sì ku ẹnì kan lábẹ́ ẹsẹ̀ mi."